Ìrìn-àjò Wa Ẹlẹ́ẹ̀kejì sí Aginjù Àpáta Pupa

Ní ìhà gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ibi tí ìpínlẹ̀ Arizona àti ìpínlẹ̀ Utah ti pààlà, ilẹ̀ kan wà tí ó gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí òjò ọdún kan gbáko níbẹ̀ kò fi tó íǹṣì 8. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé òjò tí ń rọ̀ sí ìlú Ìbàdàn ní ọdún kan a máa tó nǹkan bí íǹṣì 50 yóò mọ irú ilẹ̀ tí à ń wí. Kò sí igbó níbẹ̀, koríko kò sì pọ̀. Iyanrìn àti àpáta pupa ni ó tẹ́ lọ títí dé ibi tí ojú lè rí. Síbẹ̀, bí a bá béèrè ohun tí ó gbẹ́ gbogbo ọ̀gbun àti àfonífojì tí àwọn ènìyàn ń ti òkèèrè ayé wá wò ní ilẹ̀ gbígbẹ yìí, omi ni.

Èmi àti aya mi ti lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà kìn-ín-ní jẹ́ oṣù kẹjọ ọdún 2011, ìgbà kejì sì jẹ́ oṣù kẹrin ọdún 2023. Ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ni à ń gbé. Ọkọ̀ òfúrufú gbé wa dé Phoenix, a sì fi mọ́tò rin nǹkan bí máìlì 275 sí ìhà àríwá kí a tó dé ìlú Page. Page kì í ṣe ìlú àtijọ́. Ní 1957 ni a tẹ̀ ẹ́ dó fún àwọn òṣìṣẹ́ tí ó wá sé odò Colorado, orí òkè pẹrẹsẹ ni wọ́n sì kọ́ ọ sí, tí ó fi ẹsẹ̀ bàtà tí ó lé ní 4,000 ga ju òkun lọ. Òru rẹ̀ a máa tutù ju ọ̀sán lọ. Kí ẹni tí ń lọ má ṣe gbàgbé aṣọ òtútù.

Ibi tí aya mi ń fẹ́ láti rí ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pàlàpálá àpáta tí àwọn òyìnbó ń pè ní Antelope Canyon. Orí ilẹ̀ àwọn Navajo ni ó wà, àwọn ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n ń pe ara wọn ní Diné. Orúkọ tí àwọn fún un ni Tsé bighánílíní, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ibi tí omi ti ń la àárín àpáta kọjá. Lójú tèmi, orúkọ yìí sàn ju ti òyìnbó lọ, nítorí ó sọ bí ibẹ̀ ti ṣe di bí ó ti rí. Òkìtì iyanrìn tí afẹ́fẹ́ kó jọ ní ìgbà láéláé ni ó le di òkúta; ènìyàn ṣì lè rí ìlà iyanrìn náà lára ògiri, ìlà lórí ìlà, bí ẹni ń wo aṣọ òfì. Lẹ́yìn náà ni àgbàrá òjò wá ọ̀nà gba ibi tí àpáta ti sán, ó ru iyanrìn dání, iyanrìn náà sì ń rẹ́ òkúta gẹ́gẹ́ bí ayùn ti ń rẹ́ pákó. Ọdún ń gorí ọdún, ọ̀nà omi náà ń jìn sí i, títí ó fi tó ẹsẹ̀ bàtà 120 ní ibòmíràn. Ṣùgbọ́n kò fẹ̀. Àwọn ibi kan wà tí ènìyàn lè na ọwọ́ méjèèjì kí ó sì kan ògiri lọ́tùn-ún àti lósì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní 2011 a kò rí i. A ti san owó, a ti jókòó sínú ọkọ̀ aláìbò tí yóò gbé wa gba inú iyanrìn lọ, ojú ọ̀run sì mọ́ kedere, kò sí ìkuukùu tí ó tó àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn, nígbà tí afinimọ̀nà wa, ọ̀dọ́mọkùnrin Navajo kan, gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lórí rédíò tí ó mú dání, ó sì wí fún wa pé kí á sọ̀kalẹ̀. Òjò ń rọ̀ ní ọ̀nà jíjìn, ní ibi tí omi náà ti ń sàn wá. Ọkùnrin kan láàrin àwọn àlejò bá a jà, ó ń na ìka sí òkè pé òun kò rí òjò kankan. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò jiyàn. Ó dá owó oníkálukú padà fún un, ó sì ti ẹnubodè. Aya mi kò bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ bàjẹ́, nítorí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni a ó padà sílé.

Ìdí tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò fi jiyàn ni èyí. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1997, àwọn àlejò 11 àti afinimọ̀nà wọn wà ní apá ìsàlẹ̀ pàlàpálá yìí kan náà. Òjò díẹ̀ ni ó kán sí ibi tí wọ́n wà. Ṣùgbọ́n òjò ńlá kan ti rọ̀ sórí àpáta ní nǹkan bí máìlì 7 sí òkè, àgbàrá rẹ̀ sì ya wọ inú ọ̀nà tóóró náà, ó dé bá wọn níbi tí kò sí ibi tí wọ́n lè yà sí. Àlejò mọ́kọ̀ọ̀kànlá ni ó kú. Afinimọ̀nà nìkan ni ó yè. Àkàbà igi ni ó wà níbẹ̀ nígbà náà, omi sì gbé e lọ. Láti ìgbà náà ni a ti fi àkàbà irin de mọ́ àpáta, tí a sì ti fi lélẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé láìsí afinimọ̀nà tí àwọn Navajo fún láṣẹ.

Àwa Yorùbá a máa wí pé àgbàrá òjò kò ní òun kò ní wólé, onílé ni kò ní gbà fún un. Ní ilẹ̀ wa, onílé ní ohun tí ó lè fi kọ̀ fún un: ilẹ̀ tí ó ní gbòǹgbò a máa mu omi, ebè a máa dá a dúró, ewéko a máa dín agbára rẹ̀ kù. Lórí àpáta gbọ̀rànjà, kò sí ohun tí yóò mu ún. Gbogbo òjò tí ó rọ̀ ni ó di àgbàrá lójú ẹsẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a lé wa padà náà, a dúró lẹ́bàá ọ̀nà a sì rí i fúnra wa. Ibi tí ó jẹ́ iyanrìn gbígbẹ ní òwúrọ̀ ti di omi pupa tí ó ki bí ẹ̀kọ gbígbóná, ó ń yí kùkùté igi níwájú rẹ̀, ó sì ń dún bí ọkọ̀ ojú irin. Kò pé wákàtí méjì tí ó fi fà tán. Ọkùnrin tí ó jà ní òwúrọ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú wa, kò sì sọ̀rọ̀.

Nítorí pàlàpálá tí a kò rí, ọkọ̀ ojú omi ni a wọ̀ ní ìyókù ọjọ́ tí a ní, lórí adágún Powell. Adágún yìí kì í ṣe ti àdáyébá. Ní 1963 ni a ti ilẹ̀kùn ìsédò Glen Canyon, ògiri kọnkéré tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 710, omi odò Colorado sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbà á ní ọdún 17 kí ó tó kún: ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1980 ni. Nígbà tí ó kún, gígùn rẹ̀ jẹ́ máìlì 186, ó sì bo àfonífojì Glen mọ́lẹ̀, èyí tí àwọn tí ó rí i sọ pé ó lẹ́wà ju púpọ̀ nínú ohun tí ó kù lọ. Orúkọ John Wesley Powell ni a fi pe adágún náà. Ọ̀gágun ọlọ́wọ́ kan ni, nítorí ó pàdánù ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lójú ogun Shiloh ní 1862; síbẹ̀ ní 1869 ó kó àwọn ọkùnrin 9 àti ọkọ̀ ojú omi 4, ó sì gba odò náà kọjá nígbà tí kò sí àwòrán ilẹ̀ kankan tí ó fi ọ̀nà hàn. Ní 1893, ní ìpàdé àwọn tí ń wá bí a ó ti bomi rin ilẹ̀ gbígbẹ, ní Los Angeles, Powell dìde ó sì wí fún wọn pé omi tí ó wà kò lè tó ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe oko. Wọ́n hó lé e lórí.

Ní ọdún 2011 tí a kọ́kọ́ lọ, omi adágún náà sún mọ́ etí, ó fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 40 kù kí ó kún. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023 tí a padà lọ, ó ti fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 180 kù. Kò tíì lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí ó ti kún. Aya mi ni ó kọ́kọ́ rí i láti orí afárá. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ wo ara àpáta." Gbogbo ibi tí omi ti bò rí ti funfun bí ẹfun, láti ojú omi títí dé òkè níbi tí àpáta pupa ti bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí abọ́ tí wọ́n fi pọn omi tí a kò fọ̀. Àwọn ọ̀nà tí wọ́n fi kọnkéré ṣe láti ti ọkọ̀ sínú omi parí sórí ilẹ̀ gbígbẹ. A wá ibi tí a ti wọ ọkọ̀ ní ọdún 12 ṣáájú, a kò sì rí omi níbẹ̀.

Ohun tí ó fa èyí kò ṣòro fún àgbẹ̀ láti lóye. Òjò dídì orí àwọn òkè Rocky ni ó ń yọ́ di odò Colorado, láti ọdún 2000 ni òjò dídì náà sì ti ń dín, tí ooru sì ń fa omi gbẹ kí ó tó dé odò. Ṣùgbọ́n àṣìrò wà nínú ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1922, àwọn ìpínlẹ̀ 7 pín omi odò náà láàrin ara wọn nínú àdéhùn, àwọn ọdún tí òjò pọ̀ ni wọ́n sì fi ṣe ìṣirò. Ó dà bí ẹni tí ó fi ìkórè ọdún tí iṣu ta jùlọ pín ogún fún àwọn ọmọ rẹ̀ títí láé. A kò pe àwọn ọmọ onílẹ̀ sí ìpàdé náà. Lónìí, àwọn ènìyàn tí ó tó nǹkan bí 40 mílíọ̀nù ni ó gbójú lé odò kan yìí. Òtítọ́ ni pé òjò dídì pọ̀ ní òtútù ọdún 2023, omi adágún sì gòkè ju ẹsẹ̀ bàtà 60 lọ kí ó tó di àárín ọdún. Ṣùgbọ́n kò sún mọ́ kíkún.

Ibi tí omi ti fà sẹ́yìn kò ṣófo o. Àwọn àfonífojì kéékèèké tí ó ti wà lábẹ́ omi fún ogójì ọdún tún rí oòrùn, igi sì ń hù níbẹ̀ fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tí ó gbìn ín.

Ọjọ́ kejì tí a dé ni a rí pàlàpálá náà. Ọ̀rúnkún ń dun aya mi láti ọdún mélòó kan, kò lè gun àkàbà irin apá ìsàlẹ̀, nítorí náà apá òkè ni a lọ, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ láti ẹnu ọ̀nà dé òpin. Ibẹ̀ tutù, ó sì ṣókùnkùn díẹ̀, ògiri rẹ̀ sì wé mọ́ra bí aṣọ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ọ̀sán pọ́n gan-an, oòrùn gba ihò kan ní òkè wọlé, ó dúró ṣánṣán bí òpó ní àárín ilẹ̀, gbogbo àpáta tí ó yí i ká sì pọ́n bí ẹyin iná. Àwọn ènìyàn pọ̀ níbẹ̀, wọ́n ń ya àwòrán, wọ́n ń ti ara wọn. Aya mi kò ya àwòrán. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó gbé ọwọ́ lé àpáta, kò sì wí ohunkóhun títí afinimọ̀nà fi pè wá. Ó fi ọdún 12 retí i. Mo rò pé kò fẹ́ kí ohunkóhun dí i lọ́wọ́.

Àwọn ọmọ wa dá owó jọ láti fi yẹ́ wa sí ní ọgbọ̀n ọdún ìgbéyàwó wa, wọ́n sì sanwó alẹ́ kan fún wa ní ilé àlejò tí a ń pè ní Amangiri, ní ìhà Utah, tí kò jìnnà sí Page. Ní 2009 ni a ṣí i. Kò ga, kò sì pariwo. Àwọ̀ ògiri rẹ̀ bá ti ilẹ̀ mu tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè wò ó láti òkèèrè kí ó má mọ̀ pé ilé wà níbẹ̀. Yàrá 34 ni ó ní nígbà tí a kọ́ ọ, wọ́n sì kọ́ adágún ìwẹ̀ yí àpáta ńlá kan ká ní àárín rẹ̀. Oúnjẹ dára, ibùsùn dára, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ibẹ̀ sì dára jù wọ́n lọ. Owó alẹ́ kan níbẹ̀ wọ ẹgbẹ̀rún dọ́là lọ́nà mélòó kan. Ohun kan tún wà tí ó pa wá lẹ́rìn-ín: Arizona kì í yí aago padà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bí Utah ti ń ṣe, nítorí náà ìrìn tí kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gba odindi wákàtí kan lọ́wọ́ wa, oúnjẹ alẹ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, aya mi jókòó sí etí adágún ìwẹ̀ náà, ó ki ẹsẹ̀ bọ omi.

Ó ní, "Bàbá Ìbejì, níbo ni ẹ rò pé wọ́n ti ń rí omi yìí?"

Mo ní, "Ìyá Ìbejì, mo rò pé owó ni wọ́n fi ń rí i."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé owó alẹ́ kan náà tó owó ilé-ìwé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun fún ọdún kan, ó sì kù. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún àwọn ọmọ pé mo sọ bẹ́ẹ̀ o. Wọ́n fi ìfẹ́ ṣe é." Mo ṣèlérí. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí obìnrin tí ó fi wá mọ̀nà nínú pàlàpálá ti bá a sọ ni. Obìnrin náà wí fún un pé ní ilé ìyá òun, àgbá ni wọ́n fi ń lọ pọn omi pẹ̀lú mọ́tò, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ní ọ̀nà tí ó jìn.

Kì í ṣe ilé kan. Ilẹ̀ àwọn Navajo lé ní máìlì onígun mẹ́rin 27,000, nǹkan bí ilé 30 nínú ọgọ́rùn-ún níbẹ̀ ni kò sì ní omi ẹ̀rọ. Ìtàn wọn pẹ̀lú ilẹ̀ yìí le. Ní 1864 àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi ẹsẹ̀ lé wọn kúrò lórí rẹ̀, ọ̀nà tí ó ju máìlì 300 lọ, ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì kú. Àdéhùn ọdún 1868 ni ó jẹ́ kí wọ́n padà wá sílé. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní 2020, ó jà láàrin wọn ju bí ó ti jà ní gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà lọ fún àkókò kan, àwọn dókítà sì sọ ohun tí ìyá ilé èyíkéyìí mọ̀, pé ó ṣòro láti máa fọ ọwọ́ ní ilé tí kò ní omi. Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ pé àdéhùn 1868 náà mú un lé ìjọba lọ́wọ́ láti wá omi fún wọn. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 2023, oṣù méjì lẹ́yìn tí a kúrò níbẹ̀, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ dá ẹjọ́ náà: adájọ́ 5 ní kò rí bẹ́ẹ̀, 4 ní ó rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ó pé ọdún 43 tí adágún Powell kọ́kọ́ kún.

Fún ẹni tí ó bá fẹ́ lọ, èyí ni kí ó fi sọ́kàn. Ní aginjù, òógùn a máa gbẹ kí ó tó yọ, nítorí náà ara lè ti gbẹ kí ènìyàn tó mọ̀. Kí ó má ṣe dúró de òùngbẹ. Gálọ́ọ̀nù omi kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ ni àwọn tí ń ṣọ́ ilẹ̀ náà ń sọ pé kí a mú dání, kí a sì máa jẹ ohun tí ó ní iyọ̀ díẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ni, tí òòyì ń kọ́ni, tí ìtọ̀ sì pọ́n, kí a wá ibòji kíákíá. Aya mi kò jẹ́ kí n gbé ìgò omi sílẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, a yà sí ìlú Tuba, lẹ́bàá ibi tí abúlé àwọn Hopi kan wà. Àgbàdo àwọn Hopi yẹ kí gbogbo àgbẹ̀ gbọ́ nípa rẹ̀. Wọ́n ń gbìn ín láìbomirin, lórí ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ kéré bí mo ti wí. Igi ni wọ́n fi ń gbẹ́ ihò rẹ̀, ó lè jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, títí wọ́n yóò fi kan ilẹ̀ tútù tí òjò dídì fi sílẹ̀. Hóró 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń sọ sínú ihò kan, wọ́n sì fi àyè púpọ̀ sáàrin ihò kan àti èkejì kí wọ́n má baà du omi. Irú àgbàdo míràn yóò rà kí ó tó yọrí láti inú jíjìn bẹ́ẹ̀. Tiwọn mọ̀ ọ́n ṣe, nítorí láti ọdún gbọ́nhan ni wọ́n ti ń ṣa irúgbìn rẹ̀. Kì í ga. Ó a máa dúró bí igbó kékeré, ewé rẹ̀ ń bo ara wọn lọ́wọ́ afẹ́fẹ́.

Aya mi ra ìyẹ̀fun àgbàdo aláwọ̀ aró wọn, àpò méjì. Nígbà tí a dé Houston, ó fi ọ̀kan ro ẹ̀kọ mímu. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, àwọn ọmọ sì kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó dùn, ó ní òórùn bí àgbàdo sísun, àpò kejì kò sì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ó fi tán.